Fóònù Ńlá Tàbí Fóònù Oníbọ́tìnnì: Èwo Ni Kí Arìnrìn-àjò Hájì Gbé Lọ?

  

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọjà létí àwọn kan. Wọ́n lè bi wá pé kí ni ó kan áfáà nínú ọ̀rọ̀ fóònù. Ìdáhùn wa ni pé ohunkóhun tí ó bá lè ran ìjọ́sìn lọ́wọ́, tàbí tí ó lè dí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ áfáà ni.

Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn wa láti Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Ìpótì, Ìkòrò, Òkèmẹ̀sí àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká máa ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Oko kòkó àti oko iṣu ni àwọn ọkùnrin wọn fi kó owó jọ, òwò ni àwọn obìnrin wọn fi kó o jọ. Ní 2025, owó Hájì tí àjọ NAHCON kéde fún àwa ará gúúsù lé ní mílíọ̀nù 8 náírà. Ẹni tí ó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó sọnù sí àárín èrò ní Mínà nítorí pé kò mọ bí a ṣe ń gbé ìpè lórí fóònù tí ọmọ rẹ̀ rà fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìn-àjò. Ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi ìfẹ́ ra fóònù ńlá, yóò fi ránṣẹ́ sílé, ìyá yóò ṣàdúà fún un, yóò sì fi aṣọ wé fóònù náà sínú báàgì. Nígbà tí ó bá dé Jíddà, fóònù yóò máa dún lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò fi ìka fà.

Èrò tiwa ni a óò kọ́kọ́ sọ, kí ẹ lè mọ ibi tí a ń lọ. Fóònù ìrìn-àjò ni èyí tí ẹni tí ó gbé e lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ènìyàn, kí ó sì fi gbé ìpè, láìsí ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́. Àgbà tí kò lo fóònù ńlá rí, oníbọ́tìnnì ni kí ó wà lára rẹ̀. Ọmọ kéú tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Mọdínà tàbí ní Káírò, fóònù ńlá ni tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá sì jọ ń lọ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, kí méjèèjì wà láàárín wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí Econet àti MTN ṣí ìlà wọn. Ṣáájú ìgbà náà, bí ènìyàn wa bá ti lọ sí Hájì, lọ́pọ̀ ìgbà ó di ìgbà tí ó bá padà kí a tó gbọ́ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Àwọn fóònù tí ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wa, oníbọ́tìnnì ni gbogbo wọn. Nokia 3310 jáde ní 2000. Nokia 1100 jáde ní 2003, ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, àwọn tí wọ́n rà á káàkiri ayé sì lé ní mílíọ̀nù 200. Nínú ìlú tí iná kò dúró, tọ́ọ̀ṣì nìkan tó láti ra fóònù sí.

Lẹ́yìn èyí ni BlackBerry dé láti ilẹ̀ Kánádà. Fóònù yìí ní bọ́tìnnì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀rọ tápíréta tí a rọ̀ kékeré. Ní nǹkan bí 2010 sí 2013, ẹni tí kò ní i láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa dà bí ẹni tí kò sí ní ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Apple ti gbé fóònù iPhone jáde, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí ìka sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2008, fóònù Android àkọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó ṣe é kò tíì mọ ibi tí ayé yóò gbà, nítorí náà ó fún un ní ojú gíláàsì, ó sì tún fi bọ́tìnnì tí a ń fà yọ sí abẹ́ rẹ̀. Ayé padà gba gíláàsì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 2022, BlackBerry pa iṣẹ́ tí ó gbé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ dúró, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣe é fọkàn tẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì wọn ṣì pé.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ń rìnrìn-àjò. Ní oṣù kẹjọ 2010, ìjọba Saudi pàṣẹ pé kí a dá iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ BlackBerry dúró ní ilẹ̀ wọn, kí wọ́n tó wá ọ̀nà láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó gbé fóònù náà kọjá òkun ní ìgbà yẹn lè bá a pé fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ lókèèrè. Nítorí náà, kí á tó bi ara wa pé fóònù wo ni ó dára, kí á kọ́kọ́ bi ara wa pé níbo ni à ń gbé e lọ.

OHUN TÍ FÓÒNÙ ŃLÁ FI JU OJÚGBÀ RẸ̀ LỌ

A kò ní bu ohun tí ó dára kù. Ìjọba Saudi gbé ètò kan tí à ń pè ní Nusuk jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022. Inú fóònù ńlá ni ó ń gbé. Nínú rẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń gba àyè láti wọ Ráódà ní mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mọdínà, inú rẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ń gba àyè Umúrà. Fóònù oníbọ́tìnnì kò lè gbé Nusuk. Káàdì Nusuk tí gbogbo alálàájì ń gbé kọ́ ọrùn láti Hájì 2024, ọ̀tọ̀ ni. Èyí ṣe é fi ọwọ́ mú, kò dúró lórí fóònù, kò sì yẹ kí ó kúrò lára ènìyàn ní Mínà àti Árafà.

Fóònù ńlá tún ní àwòrán ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi àmì sí orí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí àgọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì tẹ̀ lé e padà. Ó lè fi ohùn ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp láìná owó ìpè. Nígbà kan, àwọn fóònù oníbọ́tìnnì kan wà tí WhatsApp ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ó kúrò lórí BlackBerry ní ìparí 2017. Ní oṣù kẹfà 2024, wọ́n dá fífi í sórí àwọn fóònù kékeré KaiOS dúró. Ẹni tí òǹtajà bá sọ fún pé fóònù kékeré báyìí ní WhatsApp, kí ó dán an wò níwájú rẹ̀ kí ó tó san owó.

Ohun kẹta ni ó kan àwa ará ilé kéú jù lọ, òun ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Bọ́tìnnì tí a ti tẹ A, B, D sí lára nílé iṣẹ́, A, B, D ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi gbó. Lẹ́tà Lárúbáwá jẹ́ 28. Lórí fóònù kékeré, bọ́tìnnì mẹ́jọ péré, láti 2 dé 9, ni ó ń gbé lẹ́tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Lárúbáwá lórí irú èyí tí a ń tà ní ọjà wa, kò ní rí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì dà bí wàláà. Bí a bá ti fọ wàláà, ohun tí a bá fẹ́ ni a óò fi tàdáwà kọ sí i. Lónìí a lè kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, ní ọ̀la a lè kọ Yorùbá láti òsì sí ọ̀tún. Ní ibi ètò fóònù ńlá, a lè fi bọ́ọ̀dù Lárúbáwá àti ti Yorùbá kún ti Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì máa fi ìka kan pààrọ̀ wọn. Bí a bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, àwọn àmì rẹ̀ yóò yọ jáde: ẹ, ọ àti ṣ ní Yorùbá, fátíhà, kísírà àti dọ́mà ní Lárúbáwá.

Ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Ọmọ kéú tí ó bá fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ Lárúbáwá sí olùkọ́ rẹ̀ kò ní lè ya qalb sọ́tọ̀ kúrò lára kalb bí ó bá lo káfù kan náà fún méjèèjì. Èkíní jẹ́ ọkàn, èkejì jẹ́ ajá. Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá kan bá kọ ránṣẹ́ láti Mọ́kà láìsí àmì pé «oko ti lo», ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni ó lọ tàbí ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé wọn? Ẹni tí yóò máa fi àkọsílẹ̀ ṣe iṣẹ́ lókèèrè, fóònù tí ó lè kọ èdè rẹ̀ pé ni kí ó wá.

OHUN TÍ ONÍBỌ́TÌNNÌ FI JU OJÚGBÀ RẸ̀ LỌ

Ṣé fóònù ńlá ni kí gbogbo ènìyàn wá rà? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo bí gíláàsì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná kékeré kan wà lójú gíláàsì fóònù ńlá. Nígbà tí awọ ara bá kàn án, ara yóò fa díẹ̀ nínú iná náà, ẹ̀rọ yóò sì mọ ibi tí ìka wà. Kì í ṣe agbára ni ó ń wò. Ìdí nìyí tí èékánná kì í fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìdí náà nìyí tí ó fi máa ń ṣòro fún ìka tí àdá àti ọkọ́ ti sọ di líle fún ogójì ọdún. Àgbà yóò tẹ̀, kò ní gbọ́. Yóò tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, yóò sì lọ ṣí ibi tí kò fẹ́. Àwọn ọmọ yóò ní bàbá kò mọ̀ ọ́n lò, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìka bàbá ni gíláàsì kò rí.

Omi náà ń dà á láàmú. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, gíláàsì lè máa ṣi ọwọ́ rẹ̀ mú tàbí kí ó má gbọ́ rárá. Bọ́tìnnì kò bìkítà fún omi díẹ̀ lára ìka. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pẹ̀lú pé nínú òtútù, ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn ní láti bọ́ ọ kí ó tó lè tẹ fóònù ńlá.

Oòrùn ńkọ́? Ní Hájì 2024, ooru ní àyíká mọ́ṣáláṣí Haramu ní Mọ́kà dé 51.8 ní ìwọ̀n Sẹ́ḿsíọ́ọ̀sì. Àwọn tí ó kú ní Hájì ọdún náà lé ní 1,300 gẹ́gẹ́ bí ìjọba Saudi ti kéde, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì rìn ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn. Ilé-iṣẹ́ Apple fúnra rẹ̀ sọ pé kí a lo iPhone níbi tí ooru kò ti kọjá 35. Bí fóònù bá gbóná jù, yóò dín iná ojú rẹ̀ kù, ó tilẹ̀ lè dákẹ́ títí yóò fi tutù. Èyí lè jẹ́ wákàtí gan-an tí ènìyàn ń wá ìrànlọ́wọ́. Fóònù kékeré kò ní iṣẹ́ púpọ̀ tí yóò mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ti fóònù ńlá kì í sábà kọjá ọjọ́ kan.

Oore kan tún wà lára oníbọ́tìnnì tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rí. Ẹ fi ìka kan bọ́tìnnì 5, ẹ óò rí àmì kékeré tí ó yọ sókè lára rẹ̀. Àmì yìí ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa fi ń mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè ní kí a fi nọ́ńbà amọ̀nà rẹ̀ sí orí 2, kí a fi ti ọmọ rẹ̀ sí orí 3. Bí ó bá ti tẹ 2 mọ́lẹ̀ pẹ́, ìpè ti ń lọ nìyẹn. Kò sí gíláàsì tí yóò fọ́ bí ó bá jábọ́ ní ojú Táwáfù.

Ẹ rántí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án 2015, nígbà tí èrò tẹ ara wọn pa ní Mínà. Ẹbí púpọ̀ ní Nàìjíríà lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ènìyàn wọn wà láàyè. A kò sọ pé fóònù ni ó ń dá ẹ̀mí sí, Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè sọ pé «Mo wà, ara mi le» láàárín ìṣẹ́jú kan ti gba gbogbo ilé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹkún.

ÀRÍYÀNJIYÀN TÍ A Ń GBỌ́

Àwọn kan ń sọ pé kí alálàájì má gbé fóònù kankan, pé ìjọ́sìn ni ó bá lọ, kì í ṣe eré. A mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò lè rìn yí Káábà po lẹ́ẹ̀kan láìya àwòrán ara wọn. Irú àṣà yìí burú, ó sì lè ba iṣẹ́ ènìyàn jẹ́ bí ṣekárími bá wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń pa ẹran iléyá náà ni ó lè gé ọwọ́. A kì í torí èyí sọ ọ́ nù. Kí ẹni tí ó mọ̀ pé fóònù ńlá yóò tan òun jẹ fi í sí ilé, kí ó mú kékeré. Ìyẹn gan-an jẹ́ ìdí kan tí oníbọ́tìnnì fi yẹ fún ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ojú yóò ti àwọn bí Alhájà wọn bá ń fa fóònù kékeré yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ rò ó wò. Níbi tí olówó àti tálákà ti wọ aṣọ funfun aláìrán kan náà, tí ọba àti ẹrú jọ dúró ní Árafà lábẹ́ oòrùn kan, ṣé ibẹ̀ ni a óò ti máa fi fóònù díje? Ìnákúnàá ni kí ènìyàn ra ohun tí kò ní lè lò nítorí ojú ayé, ẹ̀sìn wa sì ti kọ̀ ọ́ fún wa.

Àwọn ẹ̀kẹta sọ pé oníbọ́tìnnì ti kú, pé kò sí ibi tí ó lè dé mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ibi tí à ń lọ ni yóò sọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ AT&T ti pa ìlà 2G rẹ̀ ní 2017, ó sì pa 3G ní 2022. Fóònù kékeré àtijọ́ tí kò mọ̀ ju 2G lọ, òkúta lásán ni lórí ìlà wọn. Ní Bìrìtìkó, àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti gbà pé 2G kò ní kọjá 2033. Nítorí náà, ẹni tí yóò ra oníbọ́tìnnì fún ìrìn-àjò lónìí, kí ó ra èyí tí a kọ 4G sí lára páálí rẹ̀. Ó wà, kò sì jẹ́ owó fóònù ńlá. Ìyá tí ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ rẹ̀ lọ kí ó rò pé yóò ṣiṣẹ́.

ÌMỌ̀RÀN WA

Èkíní, fún àgbà tí ń lọ sí Hájì: kí ó gbé fóònù oníbọ́tìnnì tí ó gba síìmù méjì, kí ó sì ti máa lò ó fún oṣù mẹ́ta kí ó tó lọ. Síìmù Nàìjíríà yóò wà ní ojú kan, kí àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì má baà sọnù. Síìmù Saudi tí a óò fi páásípọ́ọ̀tù àti ìka forúkọ sílẹ̀ fún yóò wà ní ojú kejì.

Èkejì, ẹ tún nọ́ńbà kọ. Ọ̀pọ̀ ló ń kú sí ibí yìí. Nọ́ńbà tí a kọ pamọ́ pẹ̀lú 080 tàbí 070 kì í wọlé láti orí síìmù Saudi. Kí a yọ òdo iwájú kúrò, kí a fi +234 rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà ti Saudi, +966 ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Kí a sì kọ nọ́ńbà amọ̀nà àti ti ilé sí orí ìwé pẹ̀lú, kí ìwé náà wà nínú àpò bẹ́líìtì tí ó mú ìhúráámù. Bí fóònù bá kú, ìwé kì í kú. Nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ní Mọ́kà ni 911, ti ọkọ̀ aláìsàn ni 997.

Ẹ̀kẹta, kí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó bá ti ìlú kan náà lọ ní ẹnì kan láàárín wọn tí ó mọ fóònù ńlá lò dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ni Nusuk àti àwòrán ọ̀nà yóò wà. Kí ó má ṣe fi báǹkì iná tí a ń fi gba fóònù sínú àpótí tí a ń kó sí abẹ́ bàálù. Òfin ni pé ọwọ́ ni a ń gbé e wọlé. Èyí tí a kọ 20,000 mAh sí kò kọjá ohun tí wọ́n ń gbà láàyè.

Ẹ̀kẹrin, fún ọmọ kéú tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́: fóònù ńlá ni, kì í sì í ṣe èyí tí ó wọ́n jù. Èyí tí bátìrì rẹ̀ pẹ́, tí ó gba síìmù méjì, tí bọ́ọ̀dù Lárúbáwá àti Yorùbá ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ Lárúbáwá lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ ìwádìí gígùn kò ṣe é kọ lórí gíláàsì kékeré. Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì ṣì ti jẹ́ ọ̀gá.

IṢẸ́ TÍ Ó KÀN ÀWỌN ỌMỌ KÉÚ

Ohun tí a fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ wa ni èyí, òun ni ó sì wà lọ́kàn wa jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní mọ́ṣáláṣí wa gbogbo ni a ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí ń lọ sí Hájì. A ń kọ́ wọn ní ìhúráámù, Táwáfù, Sáyì àti òkò jíjù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe pe ẹnì kejì wọn bí èrò bá yà wọ́n.

Àbá wa ni pé kí ilé kéú kọ̀ọ̀kan ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n fún alálàájì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ kan tí yóò jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, kí ó fi sùúrù kọ́ ọ, kí ó má rẹ́rìn-ín bí ìka bàbá bá ṣìnà. Ohun mẹ́rin péré ni kí ó kọ́ ọ: bí a ṣe ń pe ènìyàn, bí a ṣe ń gbé ìpè, bí a ṣe ń gba iná sí i, àti bí a ṣe ń pa ohùn rẹ̀ kí a tó wọ inú ìrun. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́rin wọ̀nyí lórí fóònù ńlá láìsí olùrànlọ́wọ́, kí ó gbé fóònù ńlá lọ ní àlàáfíà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a gbé oníbọ́tìnnì fún un, kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókèèrè, owó tí ẹ fi ra fóònù kò tó, bí ẹ kò bá fi àkókò kún un. Ẹ ra á ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ sì máa fi òun gan-an pe ìyá yín lójoojúmọ́ títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ ọn. Ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fóònù wọ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Hájì ọdún tí ń bọ̀. Àwa olùkọ́ ti ṣetán láti kó àwọn ọmọ wá.

A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí Ó gba Hájì àwọn tí ó ti lọ, kí Ó pè àwọn tí kò tíì lọ, kí Ó mú gbogbo arìnrìn-àjò wa lọ ní àlàáfíà, kí Ó sì dá wọn padà bá àwọn ará ilé wọn ní ayọ̀. Àmín.